KÍ A JẸ, KÍ Ó SÌ ṢẸ́ KÙ: BÍ A ṢE LÈ SE OÚNJẸ ILÉ NÍ Ọ̀SẸ̀ TÍ IṢẸ́ PỌ̀

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá kọ̀wé sí yín nínú ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó, ọ̀rọ̀ èlé àti ọ̀rọ̀ ìpàdé ọlọ́dọọdún ni a máa ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ti ṣìnà. Orúkọ tí a ń jẹ́ ní èdè wa, orúkọ oúnjẹ ni: alájẹṣẹ́kù, ẹni tí ó jẹ tí ó sì ṣẹ́ kù. A kò pe ara wa ní ẹni tí ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí àtifi owó pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò pe ara wa ní àjẹrun. Kí a jẹ, kí a yó, kí ara ó le, kí díẹ̀ sì ṣẹ́ kù sínú àpótí ẹgbẹ́, ìtumọ̀ orúkọ wa nìyẹn.

OHUN TÍ A RÍ NÍNÚ ÌWÉ

Iṣẹ́ wa ni láti máa yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ wò. Bí a bá kọ ìwé dáadáa, kì í purọ́. Ní ẹgbẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, a rí i pé bí oṣù bá ti dé ìdajì báyìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yáwó pàjáwìrì. A wo ìdí tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ẹnì kan kọ “oúnjẹ ilé”, ẹlòmíràn kọ “owó oúnjẹ ọmọ”, ẹnì kẹta kọ “ìnáwó ilé”. Àwọn tí ń gbà á kì í ṣe aláìníṣẹ́ o. Olùkọ́ wà nínú wọn, aránṣọ wà nínú wọn, awakọ̀ wà, ìyá ọlọ́jà sì wà.

A bi akápò ẹgbẹ́ náà léèrè, ìyá àgbà kan tí ń ta aṣọ lọ́jà. A ní, “Mà, ẹ dákun, kí ló dé tí oúnjẹ fi wá di pàjáwìrì?”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jókòó ná. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo ń kúrò nílé, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo ń wọlé. Ta ni yóò wá dáná? Owó ni mo ń fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi kí wọ́n lọ ra ìrẹsì ní oríta. Èmi náà á sì jẹ ti èmi lọ́jà. Kò sí èyí tí ó tóbi nínú rẹ̀ lójú mi. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti dé ìdajì, n kì í mọ ibi tí owó gbà lọ mọ́.”

Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jẹ awọ. Ìyá wa yìí kì í ṣe onínàákúnàá. Iṣẹ́ ni ó pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ẹlòmíràn nìkan ni a ń bá wí, ọwọ́ àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Iṣẹ́ ìbẹ̀wò a máa gbé wa láti ìlú dé ìlú, ilé olóúnjẹ ni a sì ń gbà jẹun ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ yẹ ara wa wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wa ga ju bí ó ti yẹ lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó wọ̀n ọ́n bi wá pé, “Bàbá, iyọ̀ tí ẹ ń jẹ lóòjọ́ tó mélòó? Epo wo ni wọ́n fi ń dín ẹran yín?” A kò lè dáhùn. Àwa tí a mọ iye kọ́bọ̀ tí ó kù nínú ìwé ẹgbẹ́ gbogbo, a kò mọ ohun tí ó wà nínú àwo ọbẹ̀ tí ó wà níwájú wa. Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ayẹ̀wéwò wo ọ̀ràn oúnjẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, a kò bá àwọn olóúnjẹ jà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn, òwò tí ó ní láárí ni wọ́n sì ń ṣe. Ohun tí a ń wí ni pé kí jíjẹun níta má ṣe di ojoojúmọ́ nítorí pé a kò ṣètò.

Ẹ JẸ́ KÍ A FI ÌṢIRÒ WÒ Ó

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Iye tí a ó lò yìí kì í ṣe iye ọjà; kí olúkúlùkù fi ti ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń fi náírà 1,000 jẹun níta ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ iṣẹ́ 5 nínú ọ̀sẹ̀ jẹ́ náírà 5,000. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 48 nínú ọdún, náírà 240,000 ni. Bí ó bá wá ṣe é pé náírà 600 ni oúnjẹ kan náà yóò gbà bí a bá sè é nílé, a jẹ́ pé náírà 400 ni ó ń yọ́ lọ lóòjọ́. Ní òpin ọdún, ó di náírà 96,000. Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o. Bí ó bá ní ìyàwó àti ọmọ méjì tí wọ́n ń ṣe bákan náà, kí ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ gbogbo owó oúnjẹ ìta sínú rẹ̀ fún oṣù kan péré, àti búrẹ́dì, àti mínírà, àti àkàrà ọmọ. Ẹ má ṣe yí nǹkan kan padà nínú ìṣe yín ní oṣù náà. Ẹ ṣáà máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní òpin oṣù, ẹ fi iye náà síwájú ẹ̀yáwó tí ẹ gbà. Ìyá akápò wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà tí òun rí àpapọ̀ rẹ̀, òun kọ́kọ́ rò pé ọmọ tí ó bá òun ṣírò rẹ̀ ni ó ṣì í.

KÍ NI Ó Ń GBA ÀKÓKÒ GAN-AN?

Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń wí ni pé, “Kò sí àyè.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Bí a bá fẹ́ se ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò ní alẹ́, iná nìkan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Ohun tí ń jẹ àkókò ni lílọ sí ọjà, ṣíṣa ẹ̀fọ́ àti fífọ̀ ọ́, lílọ ata, bíbọ ẹran, àti rírò ohun tí a ó jẹ. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ni a ń ṣe ní àṣetúnṣe ní alẹ́ márààrún, nígbà tí ó ti rẹ̀ wá. Bí a bá lè kó wọn jọ sí ọjọ́ kan tí ọwọ́ dilẹ̀, iná dídá nìkan ni yóò kù fún àwọn ọjọ́ yòókù. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe ni: a kì í pe ìpàdé lójoojúmọ́ nítorí àtigba owó, ọjọ́ kan ni a ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí.

IṢẸ́ ỌJỌ́ KAN FÚN ỌJỌ́ MÁRÙN-ÚN

Kí olúkúlùkù mú ọjọ́ tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìbáà ṣe ọ̀sán Sátidé tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Wákàtí méjì sí mẹ́ta tó, bí gbogbo ilé bá jùmọ̀ ṣe é. Àwọn iṣẹ́ náà nìyí:

Èkíní, kọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ kí o tó lọ sí ọjà. Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà láìkọ nǹkan sílẹ̀, ojú ni yóò fi rajà, ojú kì í sì í yó.

Èkejì, ata díndín. Lọ ata rodo, tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà pọ̀. Gbé e kaná láìsí epo títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, fi epo díẹ̀ dín in títí epo yóò fi léfòó sójú rẹ̀. Òun ni ìpìlẹ̀ ọbẹ̀ gbogbo. Ẹ má ṣe fi ẹran tàbí ẹja sí i lọ́jọ́ náà; ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kí ẹ fi í sí i, nítorí ẹran ni ó ń tètè mú ọbẹ̀ bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀wà. Ṣa ẹ̀wà ọ̀sẹ̀ náà tán pátá, kí o sì dì í sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí ilé yóò jẹ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ó bá jẹ́ ti mọ́ínmọ́ín, rẹ ẹ́ sínú omi, bó o, kí o sá a sínú oòrùn kí ó gbẹ ketekete. Bí ó bá ti gbẹ, kò sí ohun tí yóò ṣe é títí di ọjọ́ tí o bá fẹ́ lọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀fọ́. Ṣa ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, yọ èyí tí ó ti pọ́n kúrò, má ṣe tíì gé e, má sì ṣe tíì fọ̀ ọ́. Fi aṣọ tí ó mọ́ wé e, gbé e síbi tútù, yóò di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ẹ̀fọ́ tí a gé kalẹ̀ tàbí tí a fọ̀ kalẹ̀ a máa tètè jẹrà, oore inú rẹ̀ a sì máa dín kù.

Ẹ̀karùn-ún, oúnjẹ gbígbẹ. Ẹja yíyan, edé, irú, ẹ̀gúsí lílọ̀, gàrí, èlùbọ́, ẹ̀pà: ìwọ̀nyí ni báńkì oúnjẹ ẹni tí kò ní fíríìjì, tàbí tí ó ní in ṣùgbọ́n tí iná mànàmáná kì í dúró sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ìdí tí wọ́n fi ń yan ẹja, tí wọ́n ń sá ilá, tí wọ́n sì ń fi iṣu ṣe èlùbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ kí oúnjẹ ìgbà ọ̀pọ̀ dúró de ìgbà ọ̀wọ́n.

BÍ Ọ̀SẸ̀ NÁÀ YÓÒ ṢE LỌ

Èyí tí a ó kọ sísàlẹ̀ yìí kì í ṣe òfin, ìlànà ni. Ẹ yí i padà bí apá yín bá ṣe ká a mọ.

Ajé: Àmàlà, ewédú àti ata díndín tí a fi ẹja yíyan sí. Ewédú kò gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ lórí iná, àmàlà pẹ̀lú kò pẹ́. Kí ẹ tó sùn, ẹ rẹ ẹ̀wà ọjọ́ kejì sínú omi.

Ìṣẹ́gun: Ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ẹ̀wà nù, ẹ fi omi mìíràn gbé e kaná ní ìdájí, kí ó máa sè bí ẹ ti ń wẹ̀ tí ẹ ń múra. Ẹ̀wà tí ó sun inú omi mọ́jú a máa tètè rọ̀ ju èyí tí a gbé kaná ní gbígbẹ lọ, kì í sì í sábà fẹ́ ni níkùn. Ẹ bu ti ọ̀sán sínú fúláàsì oúnjẹ nígbà tí ó ṣì ń hó. Ní alẹ́, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò: bu ata díndín sínú ìkòkò, fi irú, edé àti ẹja gbígbẹ sí i, fọ ẹ̀fọ́, gé e, dà á sí i, rò ó fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí ó bá pẹ́ lórí iná títí tí ó fi dúdú, àwọ̀ nìkan kọ́ ni ó sọnù lára rẹ̀.

Ọjọ́rú: Ìrẹsì àti ìyókù ata díndín, pẹ̀lú ẹyin tàbí ẹja. Ata ọjọ́ Àìkú gbọ́dọ̀ tán lónìí. Ẹni tí ó bá ní àyè díẹ̀ lè dín òmíràn, kékeré, fún ọjọ́ méjì tí ó kù.

Ọjọ́bọ̀: Àsáró iṣu. Epo pupa, ata, àlùbọ́sà, ẹja gbígbẹ àti edé, gbogbo rẹ̀ nínú ìkòkò kan ṣoṣo, kò sì ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 lọ. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó jinná, ẹ da ẹ̀fọ́ tí a gé wẹ́wẹ́ sí i. Ó ti di oúnjẹ pípé nìyẹn.

Ẹtì: Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ẹ̀wà tí a ti bó tí a ti sá, ẹ rẹ ẹ́ ní àárọ̀, ẹ lọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ pọ́n ọn sínú ewé tàbí sínú abọ́ tí ó ní ìdérí, ẹ má ṣe pọ́n ọn sínú ọ̀rá. Bí ó ti wà lórí iná fún bíi wákàtí kan, ẹ lè máa ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ní ti ọ̀sán níbi iṣẹ́, gàrí tútù àti ẹ̀pà kò bu ẹnikẹ́ni kù. Gàrí a máa fún ara lágbára ṣùgbọ́n kò ní èròjà tí ń mú ara dàgbà tó. Ẹ̀pà ni yóò fi èyí kún un. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa mu gàrí àti ṣúgà nìkan. Ẹ fi ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e. Ní ti òwúrọ̀ àwọn ọmọdé, ògì nìkan kò tó fún wọn: ẹ fi wàrà, tàbí ẹyin sísè, tàbí àkàrà kún un. Àwọn onímọ̀ wa ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Oṣòdì ti kọ́ bí a ṣe ń po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì, àwọn ará IITA ní Ìbàdàn náà sì polongo ẹ̀wà sóyà sí àwọn abúlé wa láti àwọn ọdún 1980. Ẹni tí ó bá lè rí i rà, kí ó máa pò ó mọ́ ògì ọmọ.

ÀWỌN OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bí a bá fẹ́ tọ́jú owó tí a wá gba àìsàn sára, a kò jèrè nǹkan kan.

Oúnjẹ sísè kò gbọ́dọ̀ jókòó ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ó má ju wákàtí 2 lọ níta: kí a jẹ ẹ́ tán, tàbí kí ó wà ní gbígbóná janjan, tàbí kí ó wà nínú òtútù. Ní ti ata díndín ilé tí kò ní fíríìjì, ẹ gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ó hó dáadáa, ẹ dé e, ẹ má sì jẹ́ kí ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bí ó bá kan tàbí tí ó ń yọ fóòmù, ẹ dà á nù, ẹ má ṣe ṣàánú owó. Ní ti ìrẹsì, ẹ má ṣe sè é kalẹ̀ mọ́jú lórí tábìlì. Májèlé kan lè wà nínú ìrẹsì tí ó sùn síta tí iná kì í pa, bí a tilẹ̀ tún un sè.

Àjọ kan náà sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò yẹ kí ó tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí kékeré kan, àti èyí tí ó wà nínú mágí pẹ̀lú. Irú àti edé a máa mú ọbẹ̀ dùn, kí a lè dín mágí kù. Epo pupa dára fún ojú, ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ ọ títí ó fi funfun, èròjà tí ó dára fún ojú náà ti jó dànù. Ẹ má ṣe fi káún se ẹ̀wà nítorí kí ó lè tètè rọ̀, ó ń pa lára oore inú ẹ̀wà. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ó tó. Ẹ̀wà tí ó bá sì ń rùn bí oògùn apakòkòrò, ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de títa àwọn ìgò kéékèèké oògùn dichlorvos, nítorí ìlòkulò bí irú èyí.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ 28 ṣí ilé ìtajà kékeré kan tí wọ́n fi owó tí wọ́n dá jọ díẹ̀díẹ̀ dá sílẹ̀. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ọkà oat àti àbẹ́là ni wọ́n kọ́kọ́ tà níbẹ̀. Ohun tí ó mú wọn ṣe é ni pé àwọn oníṣòwò ayé ìgbà náà ń po ìpòkúpò mọ́ oúnjẹ, wọ́n sì ń fi òṣùwọ̀n èké ta á fún wọn. Láti ara ilé ìtajà oúnjẹ yẹn ni àwọn ìlànà tí ẹgbẹ́ wa gbogbo ń tẹ̀ lé ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1935, ọ̀rọ̀ kòkó ni ó gba iwájú lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ìpìlẹ̀.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ tí ó bá lágbára máa jùmọ̀ ra oúnjẹ gbígbẹ ní àkókò tí ó pọ̀. Ẹ̀wà a máa wálẹ̀ lẹ́yìn ìkórè òkè Ọya, ní ìparí ọdún. Bí ọmọ ẹgbẹ́ 10 bá jùmọ̀ ra àpò ẹ̀wà kan, owó ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọn yóò san. Kí kòkòrò má baà bà á jẹ́, ẹ lo àpò onípele mẹ́ta, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun níta. Bí a bá so ọ́ pinpin, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán, kòkòrò á sì kú láìsí oògùn kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa ayẹ̀wéwò fi ìkìlọ̀ tiwa kún un. Ẹ má ṣe fi owó ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ra oúnjẹ. Kí àwọn tí ó fẹ́ rà á dá owó tiwọn sí ọ̀tọ̀, lẹ́yìn tí ìpàdé bá ti fọwọ́ sí i. Ẹ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ sí ọjà, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí owó wá. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ ya ìwé rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ má sì ṣe tà á ní àwìn: ìlànà àwọn ará Rochdale nìyẹn, owó lọ́wọ́, ọjà lọ́wọ́. A ti rí ẹgbẹ́ tí àwìn ìrẹsì ọdún tú ká, tí àwọn tí ó jẹ ìrẹsì náà kò sì kí ara wọn mọ́.

TA NI YÓÒ DÁNÁ?

A kò ní parí ọ̀rọ̀ yìí láìkan àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa lára. Bí ìyàwó bá jí lọ sí ọjà ní ìdájí bí ọkọ ti jí lọ sí oko, kò tọ́ kí ó jẹ́ pé ìyàwó nìkan ni yóò padà wá kó iná mọ́ ìkòkò. Ọkùnrin tí ó lè ṣa kòkó lè ṣa ẹ̀wà. Àwa fúnra wa ti ń rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ kí a tó sùn, a sì ti mọ ata díndín í ṣe. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, àwọn ọmọ wa sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà kejì sàn jù ú lọ. Àwọn ọmọdé náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣa ẹ̀fọ́, kí wọ́n máa bó ẹ̀wà, nítorí ogún tí kì í tán ni.

Nígbà tí a tún padà lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ ìyá wa yẹn wò, orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí ó gba ẹ̀yáwó pàjáwìrì ní oṣù mẹ́ta léraléra. Ó ní òun ṣì ń ra oúnjẹ lọ́jà ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, nítorí pé ọjọ́ náà ni ọjà òun máa ń kún jù, àti pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ òun kò tíì fi búrẹ́dì oríta sílẹ̀. A ní kò burú. Ẹni tí ó fi ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú márùn-ún ti ṣiṣẹ́ ńlá.

Àwọn àgbà ní, bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má wulẹ̀ dúró de oṣù tuntun. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ dín ata kan, ẹ rẹ ẹ̀wà kan. Kí ẹ mú iye tí ó bá ṣẹ́ kù wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí akápò kọ ọ́ sínú ìwé yín. Nígbà tí a bá dé láti yẹ̀ ẹ́ wò, a ó rí i níbẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á gbè wá o.